Abẹ Kan fún Orí Gbogbo Wa

"Ara máa ń rántí." Ẹnu olórí ẹbí wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo sì kórìíra rẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, ǹ bá kàn já a ní koro kí gbogbo wa sì gba ilé lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó fi díẹ̀ jẹ́ òótọ́, díẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi gbé ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí.

Ìkọ̀lé ni ilé wa wà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Ayégbajú, mo sì ń sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wa, ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní oko Ààyè. Ọbàkan wa, ọmọ ìyàwó kejì, ló tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí. Awakọ̀ akẹ́rù ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ná ọ̀nà òkè Ọya. Mo ní àwọn àbúrò ọkùnrin mìíràn, àmọ́ àwọn méjì yìí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ní ilé wa, tí bàbá bá kú, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ máa ń fá irun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á fá a lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n á sì tún fá a nígbà tí ọdún bá yí po, lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Kristẹni ni wá o, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni bàbá wa ń lọ títí tó fi kú, ọbàkan wa sì ń kírun bíi ti ìyá rẹ̀, àmọ́ ti irun fífá yìí kò kan ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Abẹ ilé ni à ń pè é, irin dúdú kan tí pípọ́n ti jẹ ẹnu rẹ̀ dé ìdajì, tí olórí ẹbí, àbúrò bàbá wa, fi awọ dì sínú àpótí rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí abẹ ọ̀tọ̀ bá kan orí rẹ̀ ti ya ara rẹ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Àbíkẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jókòó. Bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ ni wọ́n á máa tẹ̀lé ara wọn títí yóò fi kan àkọ́bí. Àkọ́bí ló ń pa irun dé. Òun ló ń fọ abẹ, òun ló sì ń fi í lé olórí ẹbí lọ́wọ́. Ipò ńlá ni wọ́n ka ìyẹn sí. Tiwa tí a jẹ́ obìnrin ni ká gbé agbada omi, ká gbá irun, ká má sì sọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to àwọn ọmọ yẹn, ọbàkan wa ló ṣìkejì ẹni tó máa gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ló sì gbẹ̀yìn.

Ṣáájú ikú bàbá wa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tán. Ọsibítù kan ní Ìdó ni a gbé e lọ, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá fún un ní ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, ìlà pupa á sì yọ. Ìlà kan, o yege. Ìlà méjì, wọ́n á pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà méjì yọ fún ọbàkan wa, ìlà méjì yọ fún ẹ̀gbọ́n mi náà. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì C ni.

Dókítà tó pè wá wọlé, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, ṣàlàyé pé ìlà kejì yẹn kò tíì sọ pé àrùn wà lára. Ohun tó ń sọ ni pé ara ti bá àrùn náà jà rí, àwọn ohun tí ara fi jà á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà náà lè ti parí, ó sì lè máà tíì parí. Ó dìgbà tí wọ́n bá wá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n wá a. Wọ́n rí i lára ọbàkan wa. Wọn ò rí i lára ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ ti ní i rí," ni dókítà wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ara yín ló lé e jáde fúnra rẹ̀. Ṣé ojú yín pọ́n rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi rántí lójú ẹsẹ̀. Ní àsìkò ebè kíkọ kan ní Ààyè, ọkùnrin kan máa ń gbé báàgì abẹ́rẹ́ kiri oko. Ẹ̀yìn ń dun gbogbo àwọn tó ń kọ ebè, wọ́n tò sábẹ́ igi kan, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ kan náà gún wọn lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tí kò lè fojú kan oúnjẹ. Ibà pọ́njú ni gbogbo wa pè é. Ó lọ, a sì gbàgbé rẹ̀.

Èmi nìkan ni mi ò gbàgbé mọ́ láti ọjọ́ ìlà méjì yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí mo bá ti wá iṣẹ́ àwọn ọmọ tán, orí fóònù ni mo máa ń wà. Ohun tí kò bá yé mi, màá fi bi dókítà yẹn nígbàkígbà tí mo bá lọ wo bàbá wa, títí tó fi ń rẹ́rìn-ín tó bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ nǹkan kan nípa àjẹsára tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn adìyẹ mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá fún wọn ní ti lúkúlúkú, ara wọn á mọ àrùn náà kó tó dé, àti pé ìmọ̀ yẹn máa ń dín kù tó bá yá, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un fún wọn. Mo wá rí i pé kò tilẹ̀ sí àjẹsára kankan fún hẹpatáítìsì C. Ẹni tó ti ní i rí, tó ti bọ́, lè tún kó o bí ẹni tí kò ní i rí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Kì í gba inú ife kọjá, kì í gba inú àwo, kì í gba orí ìjókòó. Abẹ́rẹ́ ni, abẹ ni, ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀.

Bàbá wa kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a sin ín, mo gbé páálí résà tuntun kan lọ bá olórí ẹbí lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí òun àti àwọn àgbà jókòó sí.

"Bàbá," mo kúnlẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́. Ti irun ọ̀la. Résà tuntun nìyí, orí kan, résà kan. Ẹ mọ ohun tí wọ́n rí ní Ìdó."

"Résà?" Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà gbé e wò. "Ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n fẹ́ fá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín náà. "Tíṣà ti dé o," ó ní. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.

Olórí ẹbí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sún mọ́ mi. Wò mí lójú. Kí lo rí?"

Gbogbo Ìkọ̀lé ló mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Ojú náà kún fún ihò kéékèèké.

"Àpá ìgbóná ni, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà tí ìgbóná wọ ulé yìí, mi ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń dá lọ sóko. Ó mú mi, mo bọ́. Nígbà tó tún padà wá, ta ni wọ́n ní kó máa gbé omi fún àwọn tó ń ṣe é? Èmi. Èmi ni mò ń nu ara wọn. Àwọn kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò tún mú mi mọ́. Ara máa ń rántí. Ìwé wo lo fẹ́ fi bá mi jiyàn?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ìgbóná nìyẹn. Èyí yàtọ̀. Ìgbóná kì í pa àwọ̀ dà, bó ṣe rí lánàá ló máa rí lọ́la. Èyí máa ń pa àwọ̀ dà ṣáá. Ẹ wò ó, tí ewúrẹ́ kan bá ń jẹ ẹ̀gẹ́ yín, tó ní àmì funfun níwájú orí, tí ẹ bá ti rí àmì náà ẹ ó lé e. Tó bá wá di ọ̀la tó dé ní dúdú kirikiri ńkọ́?"

"Màá lé e náà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ṣé ewúrẹ́ dúdú kì í jẹ ẹ̀gẹ́ ni?"

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ara mi gbóná. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ lo abẹ ilé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá jókòó ṣáájú. Kí ọbàkan wa jókòó gbẹ̀yìn. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

"Kí ni o wí?" Olórí ẹbí tẹ orí sí iwájú. "Obìnrin ló máa to ìjókòó ìfárí? Ọmọ ìyá rẹ ni àkọ́bí. Ìwọ fúnra rẹ ló fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ, kí o gbé e fún ọmọ orogún ìyá rẹ?"

Ọbàkan wa wà nídìí òpó, ó tẹ orí ba. "Èmi ò bèèrè ipò ẹnikẹ́ni o," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi ló parí ọ̀rọ̀ náà. "Tíṣà, lọ sinmi. Mo ti ṣe é rí. Ara mi mọ̀ ọ́n. Tó bá tún dé, á bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí ìròyìn Ìdó ti dé ilé, wọ́n ti ya ife ọ̀tọ̀ fún ọbàkan wa. Wọ́n fi òwú pupa so ó létí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Wọ́n ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ìyàwó ilé kì í jẹ́ kí ọmọ wọn jókòó lé e lẹ́sẹ̀ mọ́. Ife tí kò lè kó nǹkan kan ran ẹnikẹ́ni ni wọ́n yà sọ́tọ̀, abẹ tó lè kó o ran èèyàn ni wọ́n ní kí gbogbo wọn jọ lò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń gùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ dé. Arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ mú agbada omi dání bí wọ́n ṣe yàn mí. Tó bá fá orí díẹ̀, á ki abẹ bọ inú omi, á fi àkísà nù ún, á tún fá. Ọbàkan wa ní egbò àtijọ́ kan lẹ́yìn etí, ibi tí ìkọ́ tapólì ọkọ̀ rẹ̀ ti ya á nígbà kan. Abẹ kọ́ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fi àkísà tẹ̀ ẹ́, ó ki abẹ bọ omi. Mo ń wo omi náà. Ó pọ́n díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fọ ẹran.

Ọbàkan wa dìde. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jókòó. Ẹ jẹ́ kí n da omi yìí nù, kí n bu òmíràn."

"Abẹ kan, omi kan ni," ni olórí ẹbí wí láti ẹ̀yìn mi.

"Tíṣà, gbé agbada rẹ dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì jókòó.

Abẹ ti kú díẹ̀ nígbà náà. Ó ń ha orí ni, kò fá a. Mo rí i nígbà tó ya ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ọrùn, ibi tí irun ti ki jù. Kékeré ni, bí ibi tí ẹ̀gún ha. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ mira. Ó fọ abẹ, ó fi lé olórí ẹbí lọ́wọ́, wọ́n sì kí i kú iṣẹ́ àkọ́bí.

Mi ò jẹ́ kó sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Mo bá a dé oko Ààyè, mo bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo dúró tì í lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó sú u, ó tẹ̀ lé mi. A wọ mọ́tò láti Ìkọ̀lé, a gba Ọ̀yẹ́ kọjá lọ sí Ìdó. Ó ń pa àwọn èrò inú mọ́tò lẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀nà, ó ní àbúrò òun ń mú òun lọ kí wọ́n lọ ka iye ẹ̀jẹ̀ tó wà lára òun.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, dókítà pe àwa méjèèjì wọlé. Fáírọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ó ti padà wọlé.

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún àánú, inú ló ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó bi dókítà bí ọmọ ilé ìwé pé, "Ṣé ara mi ò rántí mọ́ ni, Dókítà?"

"Ó rántí, bàbá," ni dókítà wí. "Àmọ́ ìrántí kì í ṣe ògiri. Kò lè ní kó má wọlé. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí ìjà tètè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wọlé."

Ó wá ṣàlàyé ohun kan tí mo ti kà ṣùgbọ́n tí kò tíì yé mi tán. Ó ní oríṣi nǹkan méjì ni ara fi ń jà. Ọ̀kan ni èyí tó ń yọ ìlà lórí ike. Ìyẹn ń wo àwọ̀ fáírọ́ọ̀sì, tí àwọ̀ bá ti yí padà, ojú rẹ̀ á fọ́. Èkejì ni àwọn kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kì í wo àwọ̀ rárá. Inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń bá a jà, ohun tí kò rọrùn fún un láti yí padà ni wọ́n sì ń wò. Lára ẹni tí ara rẹ̀ ti fúnra rẹ̀ borí rí, díẹ̀ nínú wọn máa ń ṣẹ́kù, wọ́n á sì tètè jí tó bá padà dé. Àwọn kan tún máa ń borí lẹ́ẹ̀kejì, kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn mìíràn kì í borí, á jókòó sí wọn lẹ́dọ̀, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Kò sí ẹni tó lè wo ojú èèyàn kó mọ èyí tó máa jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ewúrẹ́ dúdú," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo fẹ́ gbá a létí, ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń fi ẹ̀yin pè.

Dókítà ní oògùn oníhóró wà tó lè lé e jáde, àmọ́ nítorí pé ara rẹ̀ ti borí rí, ká dúró díẹ̀ ná, ká tún wò ó. Tí kò bá lọ, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. A padà sílé. Àsìkò ìdúró yẹn ló mú mi rù. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sóko, ó ń ta okùn iṣu rẹ̀, ó sì fi abẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pamọ́ síbi tí ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣèèṣì mú un. Tó bá ti ní ó rẹ òun, màá wo ojú rẹ̀ nínú oòrùn bóyá ó ti ń pọ́n. Ó ní mo ń wo òun bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

Ọbàkan wa gbọ́. Ó wá láti ojú ọ̀nà, kò tilẹ̀ lọ sílé kọ́kọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò wọlé, ó dúró lójúde.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé tèmi ni?"

"Kí ni tìrẹ? Ṣé o kọ orúkọ rẹ sí i lára ni?"

"Ẹ má fi ṣàwàdà. Ṣé láti ara mi ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. "Láti ara abẹ ni," ó ní. "Wọlé, jókòó."

"Mo fẹ́ sọ pé ká ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Tíṣà ní kí n jókòó gbẹ̀yìn. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń du ipò." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ilé bàbá mi ni mo ti ń fi ife olówùú mu omi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀bà wá. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọbàkan wa wọlé, ó ní kí wọ́n jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Ọbàkan wa wò mí kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì mi orí sí i pé kò sí ewu kankan níbẹ̀.

Nígbà tí a tún padà lọ sí Ìdó, wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì náà mọ́. Wọ́n tún un wò nígbà mìíràn kó lè dá wọn lójú, kò sí níbẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n mi ti lé e jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Mo yọ̀. Ta ni kò ní yọ̀? Àmọ́ kí ayọ̀ náà tó balẹ̀ nínú mi ni ilé ti bà á jẹ́. Olórí ẹbí ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo wọn wà níbẹ̀.

"Tíṣà, wá jókòó. Ta ló ní ara kì í rántí?"

"Ara rántí, Bàbá. Àmọ́ ó wọlé. Ó wọ inú ẹ̀dọ̀ ọmọ yín. Ó lè máà jáde. Dókítà ní kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá á tún lé e nígbà mìíràn. Ìjà ọ̀tọ̀ ni gbogbo ìgbà tó bá wọlé."

"Ó jáde àbí kò jáde?"

"Ó jáde, sà."

"Ó tán."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí wọ́n máa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe oògùn ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kọjá, wọ́n á ní, "Tíṣà, kú ìrántí o." Wọn ò yí nǹkan kan padà. Ìfárí kejì ń bọ̀, ìjókòó kan náà, abẹ kan náà. Ọbàkan wa ti bẹ̀rẹ̀ oògùn nígbà náà, àmọ́ kò tíì lò ó tán, dókítà kò sì tíì sọ pé ó ti mọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Olórí ẹbí ní, "O tún ti dé? Ẹni tí ara rẹ̀ ti rántí lẹ́ẹ̀mejì, ta ló tún dára láti jókòó níbẹ̀ jù ú lọ?"

Ohun tí wọ́n kọ́ nínú ewu tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, pé kí wọ́n tún fi í síbẹ̀.

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ mọ́ lórí rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní gbé agbada yẹn mọ́ tí ẹ bá tún jókòó lẹ́yìn ọbàkan wa." Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ sóko.

Ọdún yí po. A wọ dúdú dé ojúde fún ìgbà ìkẹyìn. Onígbàjámọ̀ dé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé agbada náà, nítorí pé tí èmi bá kọ̀ ọ́, àbúrò mi obìnrin ni wọ́n máa gbé e fún. Àbíkẹ́yìn jókòó, ó dìde. Àwọn tó tẹ̀ lé e jókòó, wọ́n dìde. Ó wá kan ọbàkan wa. Ó ń bọ́ fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ nà.

Kó tó gbé ẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí àpótí ìjókòó.

"Kò tíì kàn ọ́," ni olórí ẹbí wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Dìde níbẹ̀."

"Ẹ fá a," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sókè, kò mọ ẹni tí yóò wò. Olórí ẹbí ti dìde dúró. "Ṣé ara rẹ ti gbàgbé ni? Ṣé ìwọ kọ́ lo borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ara mi rántí, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ohun tó sì rántí ni pé kò dùn. Àbúrò mi ló máa pa irun dé. Èmi àkọ́bí ni mo fún un."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà, ẹni tó wúkọ́ lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ́jọ́sí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òun ló ni ipò. Tó bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, ta ló lè dá a dúró?" Ẹlòmíràn ní ọgbọ́n àgbà gan-an ni. Ẹni kẹta ní ó hàn pé ọmọ bàbá rẹ̀ ni, bí bàbá wa ṣe ń ronú nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ọgbọ́n. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n fi ọ̀fọ̀ dá mi lóhùn. Kí èèyàn méjì kàn gba ìjókòó ara wọn ni, kò ju ìyẹn lọ. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A ì bá ti ṣe é nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má kan ẹ̀jẹ̀, kí n má lọ wo èsì yẹn ní Ìdó, kí ọbàkan wa má dúró lójúde bí ọ̀daràn.

Wọ́n fá ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fá ọbàkan wa gbẹ̀yìn. Ó fọ abẹ nínú omi mi, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ síwájú olórí ẹbí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Olórí ẹbí kò na ọwọ́. Ó tú awọ náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ọbàkan wa, ó fi ẹsẹ̀ sún un díẹ̀. "Gbé e síbẹ̀," ó ní. Ọbàkan wa gbé e síbẹ̀. Olórí ẹbí fi etí awọ náà dì í, ó ṣọ́ra gidigidi kí ìka rẹ̀ má kan irin náà.

Mo da omi náà sínú ṣáláńgá. Mo wọ inú ilé, mo rí ife olówùú pupa nídìí àmù, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bu omi sínú ife tí gbogbo wa ń lò, mo gbé e jáde fún ọbàkan mi. Ó mu ún dé ìdajì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjú sí olórí ẹbí, mo sì mu ìyókù tán.